Ẹ Dúró De Ìró Kẹfà

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Èmi Mútíù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí mo ń gbé ní Torino ní Italia, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì sí ewú kan ṣoṣo lórí mi. Àwọn àgbà tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn iṣẹ́ ayé wọn, eyín á ti yọ tán lẹ́nu wọn kí wọ́n tó jókòó sọ ọ́. Èmi ò lè dúró dìgbà yẹn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ti parí, mo fi ojú ara mi rí ìparí ẹ̀, kí ni mo tún ń dúró dè? Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń rò ó pé ṣé fabbrica, ilé iṣẹ́ ńlá, lẹ máa lọ ni àbí kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ sún mọ́ mi.

Iṣẹ́ aago ni mo ṣe. Kì í ṣe aago ọwọ́ tí wọ́n ń tẹ́ sórí aṣọ lọ́jà Porta Palazzo o. Aago ńlá ni mo ń sọ. Aago ilé ìwé, aago ibùdókọ̀, aago fabbrica, aago orí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá gbójú sókè ní Torino, ní Genova, tàbí ní Padova, tẹ́ ẹ rí aago tó tọ́, ẹ lè má mọ̀ o, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò parọ́. Bóyá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sáré kọjá ibi tí kò dùn. Bàbá mi ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kí n jókòó sídìí òfì. Mo jókòó. Kò pẹ́ tó àkókò téèyàn fi ń jẹ abọ́ ìrẹsì kan, mo dìde. Wọ́n rán mi nílé ìwé, mo kúrò ní fọ́ọ̀mù kẹta, torí pé ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà máa ń pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Gbogbo àgbà ló ń sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Èmi ò tíì pàdé bàbá yẹn rí. Bí mo ṣe dé Italia, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà, ìwé kan ni mo rí lára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò San Salvario, wọ́n ń wá ẹni tó lè gun àkàbà. Mo wọlé. Bàbá kúkúrú kan tó ki gíláàsì bọ ojú kan bi mí pé ṣé mo lè gun àkàbà. Mo ní ọ̀bọ gan-an ń kọ́ ọ lọ́wọ́ mi. Owó tó ń san, ẹ má bi mí.

Signor Berto lorúkọ ẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú ló máa ń wọ̀, ó máa ń rùn fún òróró àti kọfí, bó bá sì ń tún aago ṣe, èdè àwọn ará abúlé wọn ló máa fi ń bá aago náà sọ̀rọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo rò pé ọjọ́ kejì ló máa gbé irin iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Lásán. Oṣù mélòó kan ló fi jẹ́ pé ìgbálẹ̀ àti rédíò nìkan ni mo mọ̀.

Rédíò yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ mi. Ní aago kan ọ̀sán, lójoojúmọ́, Signor Berto á tan rédíò ìjọba, á fi aago àpò àtijọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ó ti fa bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ síta, kó má bàa rìn. Iṣẹ́ mi ni pé bí rédíò bá ti kéde àkókò, kí n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń dún. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn kan tó ń dún wíríwírí bí ẹyẹ, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, pí, pí, pí, pí, pí. Márùn-ún. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà yẹn ni ìkẹfà á wá dún, òun nìkan. Ìkẹfà yẹn ni wákàtí.

Èmi, bí ìkarùn-ún bá ti dún ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́.

"Mútíù, mélòó lo kà?"

"Mẹ́fà, Signor."

"Irọ́ ni. Márùn-ún lo kà. Ìkẹfà, ìwọ lo fi kún un fúnra rẹ."

"Signor, kí ni ìyàtọ̀? Ó kàn máa dún náà ni."

"Kí ló wà láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹfà?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ehn. Kò-sí-nǹkan-kan yẹn ni mo fẹ́ kó o kọ́. Di nuovo, domani."

Di nuovo, domani: ó di ọ̀la, kó o tún un ṣe. Ọ̀la di ọ̀túnla. Ọwọ́ mi á ti tẹ̀ ẹ́ kí etí mi tó gbọ́. Mo bá ara mi jà, mo ń gé ètè mi jẹ. Bàbá yẹn ò pariwo mọ́ mi rí o, ká ní ó pariwo ni, mi ò bá ti kúrò. Ó kàn máa gba aago náà, á tún fa bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ síta, á padà sídìí tábìlì ẹ̀. Ìtìjú yẹn pọ̀ ju ẹgba lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró nínú iṣẹ́ yẹn ni ẹyẹ. Wíríwírí méjì yẹn tó máa ń dún ṣáájú. Mo bi Signor pé kí ló wà fún. Ó ní kì í ṣe fún etí èèyàn.

"Fún etí ta ni?"

"Fún aago tó létí. Ilé kan wà ní Torino níbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́jú àkókò. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Ó ń sọ ọjọ́ òní, ó ń sọ bóyá ora legale la wà àbí ora solare. Tó bá sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n yí i padà, á ti máa kìlọ̀ ṣáájú."

Ẹ gbọ́ o. Ohùn tí kò gùn tó kéèyàn sín, gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀. Mi ò lè sùn. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì, mo gba ohùn ẹyẹ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó yí aago padà, mo tún gbà á lẹ́yìn tí wọ́n yí i, mo wá fi ìka mú kásẹ́ẹ̀tì náà kó lè rìn jẹ́jẹ́. Ó ń dún bí ewúrẹ́ tí òjò ń pa. Mo búra fún Signor pé mo gbọ́ ìyàtọ̀ nínú ìrù ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún òun tí ewúrẹ́ náà bá bímọ.

Ọ̀rọ̀ ora legale yìí, mo gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹ̀, torí òun ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Bí ìgbà ooru bá ń bọ̀, ní oṣù kẹta, àwọn èèyàn Italia máa ń sún aago síwájú wákàtí kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ora legale nìyẹn. Bí òtútù bá ń bọ̀, wọ́n á dá a padà sí ora solare, ìyẹn aago ti oòrùn fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ mọ̀ pé létí wa, ohun kan ṣoṣo ni legale túmọ̀ sí. Pé èèyàn níwèé. Pé permesso ẹ̀, ìwé ìgbélùú ẹ̀, ò tíì kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mò ń rò ó.

"Signor, ẹ má bínú. Aago ìgbà ooru ló níwèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ló ṣe é."

"Aago tí oòrùn wá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, òun ni kò níwèé?"

Gíláàsì ojú ẹ̀ já bọ́ sínú kọfí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Mútíù, òótọ́ lo sọ. Oòrùn ni clandestino àkọ́kọ́ ní Italia. Àràárọ̀ ló ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ìwé."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé irin fún mi.

Òfin iṣẹ́ yẹn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Èyí tó le jù ni pé a kì í fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Láéláé. Aago ńlá tó ń lu agogo, bó o bá fà á sẹ́yìn, eyín inú ẹ̀ á há, tàbí kó gbàgbé iye tó lù. Síwájú, kò ní wàhálà, tì í kó máa lọ. Ṣùgbọ́n tí ora solare bá fẹ́ wọlé, tí wọ́n ní ká dá aago padà ní wákàtí kan, ohun tí à ń ṣe ni pé a máa dá a dúró. A máa fọwọ́ mú irin gígùn tó ń fì lábẹ́ ẹ̀, yẹ́ẹ́, ó dákẹ́. A máa wá jókòó tì í fún odindi wákàtí kan títí ayé á fi bá a níbi tó wà. Lẹ́yìn náà la ó tún tì í kó máa fì.

Ẹ wo èmi Mútíù. Nínú ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, láàárọ̀ Sunday, láàárín ìgbẹ́ ẹyẹlé, mò ń ṣọ́ aago tí kò rìn. Ìyà wo ló tún ju èyí lọ? Signor Berto á yọ búrẹ́dì jáde nínú bébà, á gé e sí méjì, á fún mi lápá kan, kò ní sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Mo máa sọ ti Ìsẹ́yìn, mo máa sọ ti bọ́ọ̀lù, mo máa kọrin. Ohun tó bá dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí i.

Báyìí la ṣe ń lọ, lọ́dọọdún, oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Reluwé lọ Genova, ká máa gun òkè pẹ̀lú àpótí irin. Reluwé lọ Padova. Ó rẹ̀ mí. Ìgbà yẹn ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Padova ló wà, fabbrica kan tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. Oníbàárà wa tó tóbi jù ni. Aago tó wà nínú ẹ̀ àti níwájú ẹ̀ pọ̀ gan-an, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ràn sí aago kan lẹ́nu. Madre ni wọ́n ń pè é, aago ìyá. Àwọn yòókù ni ọmọ. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyá á fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ lójú wáyà, gbogbo ọmọ á sún ẹsẹ̀ kan. Fèrè tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọlé, ìyá náà ló ń fọn ọ́n. Aago ìyá wọn ti gbó. Oríṣi tuntun méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan létí, ó ń gbọ́ ẹyẹ rédíò, ṣùgbọ́n a ní láti fa wáyà gòkè òrùlé, ká máa wá ibi tí ohùn ti mọ́. Ìkejì ò létí, ṣùgbọ́n wọ́n ti to kàlẹ́ńdà sínú ikùn ẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tí oṣù kẹta bá parí, á sún ara ẹ̀ síwájú. Tí oṣù kẹsàn-án bá parí, á dá ara ẹ̀ padà. Gbé e kọ́ ògiri, kó o máa lọlé ẹ.

Èyí tó ní kí n máa lọlé mi ni mo fẹ́.

Signor yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ta ló ń sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un, Signor. Ó mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tí wọn ò sọ fún, tí kò sì bèèrè, báwo ló ṣe mọ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti dàgbà, Signor. Ayé ti yí."

Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní orúnkún òun ti kọ àkàbà. Òun ò bímọ. Òun fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. "Gbé ẹ̀rọ ẹ kọ́ sí Padova. Tí aago Padova bá tọ́ títí ora solare á fi wọlé, ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ṣìnà, kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan, màá ti ìlẹ̀kùn, gbogbo wa á lọlé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Kò sí contratto, permesso mi tó ń parí lọ ò ní rí ohun tó máa dì mú. Èmi náà á di ora solare.

Mo gbé e kọ́. Ó ń rìn bí ọmọ tó mọ ilé ìwé. Oṣù kẹta dé, ó sún ara ẹ̀ síwájú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ń yan ní San Salvario bí ọba.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù pinnu pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè wọn máa dá aago padà lọ́jọ́ kan náà, àti pé kò ní jẹ́ oṣù kẹsàn-án mọ́. Oṣù kẹwàá ni. Mo mọ̀. Signor mọ̀. A ò mú irin, a ò wọ reluwé. Àfi ẹ̀rọ tó wà ní Padova. Òun ò ka ìwé ìròyìn.

Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, mo lọ Padova lọ kí Àǹtí Sìdí, ìyàwó àbúrò bàbá mi. Nínú fabbrica yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé ilé ìdáná wọn dojú kọ aago ńlá iwájú ẹ̀. Wọ́n ti ní kí n wá jẹun ní aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin géérégé ni mo kanlẹ̀kùn.

"Ìwọ Mútíù yìí," wọ́n ní, "ìwọ ò lè ṣe sùúrù láyé ẹ láé. Aago mẹ́rin ni mo wí, o dé ní aago mẹ́ta. Ẹran ò tíì rọ̀."

"Àǹtí, aago mẹ́rin ló lù yìí."

"Abeg, ta ló ń bá onífabbrica jiyàn? Wojú fèrèsé."

Mo wò ó. Aago ńlá náà wà níbẹ̀, ó funfun, ó mọ́, ó sì dúró lórí mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ rò pé aago ọwọ́ mi ló ya wèrè. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo gbé e sétí. Ràṣídà, ọmọ wọn kékeré, wà nílẹ̀ níwájú tẹlifísọ̀n, ó káwọ́ gbera.

"Mamma, il cartone era già finito," ló wí. Bó ṣe tan tẹlifísọ̀n, wọ́n ti ṣe eré àwòrán ọmọdé ẹ̀ tán.

"Mo ti ní kó má wo tẹlifísọ̀n jù," Àǹtí wí. "Jókòó. Mo se polenta, èbà òyìnbó. Ṣé wàá jẹ ẹ́ àbí wàá dúró de ìrẹsì?"

Mi ò jókòó. Mo rí i lójú mi bó ṣe máa rí láàárọ̀ Monday. Àwọn kan á wọlé ní aago tòótọ́, àwọn kan á wo aago ńlá kí wọ́n tó kúrò nílé, fèrè á fọn lẹ́yìn wákàtí kan, ọkọ̀ ẹrù á dé kò ní bá èèyàn, gbogbo ayé á máa bú ara wọn. Wọ́n á wá béèrè pé ta ló gbé ẹ̀rọ yìí kọ́.

"Àǹtí, ta ló wà ní ẹnu géètì lónìí?"

"Toni ni. Kí lo fẹ́ lọ ṣe? Mútíù, mo ṣì wà lẹ́nu prova níbẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa sọ bóyá wọ́n máa gbà mí. Má lọ sọ pé ọmọ mi ni ẹ́ tó o bá fẹ́ lọ jà."

"Mi ò ní jà."

Toni jẹ́ bàbá kan tó ní irùnmú ńlá, ó jókòó sínú yàrá kékeré ẹnu géètì pẹ̀lú rédíò pẹlẹbẹ kan. Mo kí i. Mo sọ pé èmi ni mò ń tọ́jú aago wọn, pé ó ti padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, kó jẹ́ kí n wọlé.

"Aago wa tọ́," ló wí. "Ora solare ló wọlé. Oṣù kẹsàn-án ni, ọdọọdún ni. Èmi náà ti dá tèmi padà." Ó na aago ọwọ́ ẹ̀ sí mi.

"Lọ́dún yìí, oṣù kẹwàá ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba ni."

"Èwo nínú wọn? Látìgbà tí mo ti jókòó sórí àga yìí, wọ́n ti yí ìjọba padà ju aago lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé."

"Dúdú kan wá bá mi lọ́jọ́ Sunday, ó ní òun fẹ́ wọ fabbrica tó tì pa, òun fẹ́ yí àkókò padà." Ó rẹ́rìn-ín. "Documenti. Ṣé o wà ní legale?"

Mo yọ permesso mi, mo fi fún un. Ó kà á, ó yí i padà. "Èyí máa tó parí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, èmi níwèé. Aago yín tó wà lókè yẹn ni kò wà ní legale."

Ó wojú mi, ó wo aago, irùnmú ẹ̀ mì díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, kí n má dí òun lọ́wọ́. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu géètì. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ká ní mo fò wọlé, ẹ̀yin lẹ máa wá gbà mí lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní questura.

Nígbà tí aago ńlá náà kan mẹ́rin, Toni tan rédíò. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo ẹ̀.

"Kí lèyí? Ìdajì kejì ni wọ́n wà. Wọ́n ti gbá ìdajì àkọ́kọ́ tán láìsí èmi. Kí ló dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣáájú?"

Mo yọ orí sí fèrèsé ẹ̀. "Bàbá, wọn ò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Aago mẹ́rin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ti lù báyìí."

"Rédíò ti ya wèrè."

"Àbí aago. Ẹ jẹ́ ká dúró de pípí lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá ní aago márùn-ún, màá lọ. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà, ẹ máa jẹ́ kí n wọlé."

Ó rò ó. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kejì sí mi. A jọ gbọ́ bọ́ọ̀lù yẹn títí, ẹgbẹ́ tiẹ̀ ń fìdí rẹmi, èmi náà ń bá a kẹ́dùn, mo ní bí wọ́n ṣe ń gbá a ní Ìsẹ́yìn dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù parí. Orin. Ìpolówó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ mi: wíríwírí, wíríwírí. Pí, pí, pí, pí, pí.

"Márùn-ún ni," Toni wí. "Mo sọ fún ẹ. Aago márùn-ún."

"Ẹ dúró."

Kẹ́kẹ́ pa. Pí.

Ọmọbìnrin inú rédíò ní aago méjìdínlógún ti lù, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, aago ńlá wà lórí márùn-ún, kò tiẹ̀ tijú. Toni bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀, ó wò ó bí ẹni wo ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Iṣẹ́ yẹn ò nira. Síwájú ni, síwájú kì í jà. Mo tẹ bọ́tìnnì lára aago ìyá, mo dì í mú, gbogbo ọmọ nínú fabbrica tó ṣófo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tá-tá-tá-tá, bí ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Mo pa kàlẹ́ńdà inú ikùn ẹ̀. Mo wá ní kí Toni gbé rédíò wọlé, torí mo fẹ́ fi aago ìyá sórí wákàtí gan-an, ká má kàn fojú díwọ̀n ẹ̀. A dúró de aago méje. Nígbà tí ìkarùn-ún dún, Toni fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ọmọ, ó ti dún."

Mo ní, "Kò tíì dún."

Ìkẹfà dún, mo tẹ̀ ẹ́.

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́. Fabbrica ti tọ́ kí Monday tó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ fún mi ni pé kódà kó jẹ́ ọjọ́ kan, odindi Sunday sì ti lọ. Mo gba tẹlifóònù Toni, mo pe Torino. Mo sọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí. Oṣù kẹsàn-án tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù. Géètì.

Signor bi mí, "Ta ló to oṣù kẹsàn-án síbẹ̀?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Ta ló rà á?"

"Èmi ni."

"Ìró wo ló dún kó o tó tẹ̀ ẹ́?"

"Ìkẹfà."

Ó dákẹ́. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe gùn tó. Mo ń gbọ́ aago ṣọ́ọ̀bù wa tó ń rìn lẹ́yìn ẹ̀ ní Torino. Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ mọ̀ mí, mo ní ẹ̀bẹ̀, mo ní àlàyé, mo ní ti permesso. Ahọ́n mi ti gbéra. Mo dì í mú. Mo jẹ́ kó dákẹ́.

"Wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́la," ló wí. "Ṣùgbọ́n tú ẹ̀rọ tí kò létí yẹn sílẹ̀, kó o fi etí sára gbogbo aago wa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà ni kì í ṣìnà." Bó ṣe wí i ní èdè tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá mi ì bá wí náà nìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìdí, oúnjẹ ti tutù. "O ti wá pẹ́ jù báyìí," wọ́n wí. "Ìwọ ò lè dé ní wákàtí tí wọ́n ní kó o dé, láé." Mo ní kí wọ́n sún aago wọn síwájú. Wọ́n dé iṣẹ́ lásìkò láàárọ̀ Monday, fabbrica sì gbà wọ́n lópin ọ̀sẹ̀. Títí dòní, wọ́n gbà pé àdúrà wọn ló ṣe é. Mi ò bá wọn jiyàn.

Mo gba kọ́kọ́rọ́. Permesso mi rí nǹkan dì mú. Mo wá ṣe ohun tí ọ̀gá mi wí. Mo gun gbogbo òrùlé, mo fa wáyà, mo fi etí sára aago ìyá kan lẹ́yìn òmíràn, Torino, Genova, Padova. Gbogbo wọn ń gbọ́ ẹyẹ fúnra wọn. Mo ṣe é dáadáa, ẹ jẹ́ n yin ara mi, mo ṣe é dáadáa débi pé nígbà tí oṣù kẹta tún dé, kò sẹ́ni tó pè mí. Oṣù kẹwàá, kò sẹ́ni tó pè mí. Gbogbo aago yí ara wọn padà, gbogbo ẹ̀ sì tọ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo tẹlifóònù.

Signor wá kí mi, ó jókòó sórí àga tèmi àtijọ́. "O fẹ́ kí aago máa ṣe é fúnra wọn," ló wí. "Wọ́n ti gbọ́ ẹ."

Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, ẹ̀yin àbúrò mi. Iṣẹ́ ò lé mi, èmi ni mo ṣe é tán. Tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ wá èyí tí kò ní parí bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá èyí tó máa jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa parí ẹ̀. Èmi ò mọ èyí tó dáa jù.

Ó ku aago kan. Ó wà nínú ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́yìn Torino, ó ti gbó, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi etí sí i. Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, mo máa ń gòkè lọ láàárọ̀, màá fọwọ́ mú irin tó ń fì, yẹ́ẹ́. Màá jókòó. Wákàtí yẹn, ayé ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń bọ̀ wá kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Màá gé búrẹ́dì sí méjì, bí Signor ṣe máa ń ṣe. Mi ò kọrin mọ́.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló kàn, Mútíù, ìwọ tí o kì í jókòó. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìkarùn-ún ti dún.